Abọ́ Bàbá Ẹ̀hìndé

Ojúlé Kẹjọ, Àdúgbò Gbádégẹṣin,
Ẹ̀yìn Ọjà Ìba,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Tọ́pẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá mi tí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ìyá bí wa,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé òtútù Jos kò tíì gbé ọ mì? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń sọ nínú ara rẹ pé Bọ́lájí kì í kọ lẹ́tà bí kò bá sí ohun tó ń lé e. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù.

Ṣé o rántí ẹgbẹ́ Ẹ̀kúnwọ́ tí a dá sílẹ̀ kí o tó kó lọ? A ṣì ń ṣe é. Kí oníkálukú tó da ìrẹsì sómi, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan sọ́tọ̀ sínú agolo. Tó bá di Sátidé, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó pín in fún àwọn ilé tí kò rí nǹkan dáná. Òfin wa kò yí padà: gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kan ilẹ̀kùn, kí o máa lọ. Má wo ojú ẹni tó máa gbé e, kí ìtìjú má bàa pa á. Òun náà á fọ abọ́, á gbé e síta de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni mo ń gbé ti Bàbá Ẹ̀hìndé, bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní Àlàbá kí ojú wọn tó fọ́. Àwọn ló tún tìrẹ ṣe tó wá ń sọ̀rọ̀ ju ìwọ alára lọ. Wọn kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ìdì ewúro kékeré kan ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tú lára rédíò ni wọ́n sì fi ń dì í.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò wọn kan dé láti Ìlaròó, ó ní òun wá kó ẹrù ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní nígbà tí àìsàn wọ̀ wọ́n lára làwọn wá gbé wọn lọ lóru, pé àwọn sì ti sin wọ́n láti oṣù kẹjọ. Ọ̀rẹ́ mi, ara mi bù máṣọ. Oṣù kẹjọ kẹ̀? Sátidé tó ṣáájú ni mo bá abọ́ ní fífọ̀, tí ewúro tútù wà nínú rẹ̀, tí wáyà pupa wà lára ewúro. Òfin tí a fi ń bo àṣírí aláìní ni kò jẹ́ ká mọ̀ pé òkú là ń bọ́.

Mítìn ọjọ́ náà gbóná. Ìyá Kazeem dìde, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, òkú ò lè máa jẹ ráìsì tí mo yọ lẹ́nu ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká stop ẹ̀ jàre!" Gbogbo wọn gbà. Ìyá Moyinolúwa alága wa nìkan ni kò bá wọn nawọ́. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń fi áyọ́nù lọ aṣọ kó tó lọ ra magí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní Sátidé kan sí i. Òkú kì í fọ abọ́. Bí ẹnì kan bá ń jẹun nílé yẹn tí a sì dáwọ́ dúró, ebi ló máa pa á.

Ọ̀sán gangan ni mo lọ. Ìdí ewúro tó wà lẹ́yìn ilé ti gbẹ, kò ku ewé kan lórí rẹ̀. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn, mo ṣe bí ẹni ń lọ, mo wá sá sẹ́yìn táńkì omi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé àdúrà tí mo ti ń gbà láti kékeré. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. N kò gbọ́ ohùn, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ọwọ́ kan ló yọ jáde, ó ń fa abọ́ wọlé. Mo mọ àpá iná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ yẹn. Ìyá Moyinolúwa ni.

Ọkọ rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀ láti ìgbà tí òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, kò pè, kò fi nǹkan ránṣẹ́. Ó ti mọ̀ pé ilé Bàbá ṣófo, ibi tí ògiri tó pààlà ẹ̀yìnkùlé wọn ti ya ló sì ń gbà wọbẹ̀. Alága wa kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku. "Bọ́lájí, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ ò tíì jẹun látàná. Èmi alága, báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó máa gba food?" Tọ́pẹ́, mo sunkún. Ẹ̀kúnwọ́ tó ń mú wá síwájú wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, inú abọ́ òkú ló ti ń bù ú.

Mo sọ ní mítìn pé ẹnì kan ń jẹun nílé yẹn, kì í sì í ṣe òkú. Mo ní kí wọ́n má bi mí pé ta ni, nítorí àwa fúnra wa la ṣòfin pé a kì í wo ojú. Ìyá Kazeem kùn títí, ṣùgbọ́n ó gbà. A kò dá abọ́ náà dúró.

Ohun tó wá lé mi sídìí lẹ́tà nìyí. Mo ń bá Ìyá Moyinolúwa ṣẹ̀fẹ̀ pé ó mọ ewúro dì, pé wáyà yẹn ni kò jẹ́ ká tètè fura. Ó ní, "Ewúro wo? Abọ́ lásán ni mo máa ń gbé síta." Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lánàá tí í ṣe Sátidé, àwa méjèèjì jọ lọ, ó di ọwọ́ mi mú. Abọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Omi ṣì wà lára ewúro, wáyà pupa sì wà lára rẹ̀, àmọ́ ìdì méjì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Moyinolúwa mú ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ó sì lọ sè é fún àwọn ọmọ rẹ̀. Tèmi wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Kò tíì rọ.

Bá mi kí Baálé rẹ, kí o bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀ Màmá. Má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì lè se ewúro tirẹ̀,
Bọ́lájí.