Ogójì Ẹnu Nínú Họ́ọ̀lù Ìdímù

Àìkú, 9/11/2025

Alága ti dájọ́. (Bàámi ni. Kò sí ìjókòó tí kì í darí, kódà tó bá jẹ́ èmi àti òun péré la wà níbẹ̀.) Ó ní òun máa wá síbi tí Sọ́bù ti fẹ́ kọrin ní Ìdímù. Tóun bá fi etí ara òun gbọ́ nǹkan tó ń sọ, kó máa kọrin ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ariwo lásán, lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e kó padà sí ṣọ́ọ̀bù òun ní Dopemu, kó wá gbé òòlù.

Etí wo? Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bàámi ti ń fi òòlù na ara mọ́tò tó tẹ̀. Tí èèyàn bá pè é nílé, àwọn ará bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure á ti dáhùn kó tó yíjú.

Sọ́bù — Abdulsobur, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí kì í dákẹ́ — bọ́ sí yàrá. Kò jẹun alẹ́ pàápàá.

Ìṣẹ́gun, 11/11

Mo ti dá ọgbọ́n. Tí èrò bá ń ké, Alága á fojú rí i pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ òun. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi Àdíját, Ẹnu-Fèrè. Tó bá ké ní Ìkòtún, adìẹ Ìgàndó á yé ẹyin. Mo ní mo fẹ́ ogójì ẹnu. Ó ní, "Ogójì kẹ̀? Ṣé ogun la fẹ́ lọ jà ni?" Àmọ́ ojú ẹ̀ ti ń tàn. Ó ní ilé-kéwú wa nìkan á mú ọgbọ̀n jáde.

Àmì: tí mo bá gbé ìborùn mi sókè, kí wọ́n ké. Àmì kan ṣoṣo. Ó tó.

Ọjọ́rú, 12/11

Àdíját ti rí méjìlélógójì. Ó ní méjì yẹn, ẹ̀ènì ni.

Ọjọ́bọ̀, 20/11

Mo tẹ̀lé Sọ́bù lọ wo họ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìwé. Táìlì nílẹ̀, táìlì lára ògiri, páànù lókè. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ń bi mí pé ṣé mo ti lo oògùn.

Bọ̀ọ̀dá Ràímì, tó ni sípíkà, ń lọ láti igun dé igun, ó ń pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, ó ń tẹ́tí. Mo ní ta ló ń pè. Ó ní, "Ẹnu ẹ ò dáa, ìwọ ọmọ yìí. Mò ń wá ibi tí ohùn ti ń forí sọ." Ó ní tí èèyàn bá kún ibẹ̀, ara wọn àti aṣọ wọn á gbé gbohùngbohùn yẹn mì. Èèyàn ni fóòmù ara ògiri fún àwọn tí ò ní fóòmù.

Ó ní, "Ara wọn ni mo fẹ́ ṣá. Mi ò fẹ́ ẹnu wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìborùn wà lórí mi.

Sọ́bù wá dán orin tuntun ẹ̀ wò, jẹ́jẹ́. Orin nípa Bàámi ni. Ẹsẹ kìíní, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun fi òòlù sílẹ̀. Ẹsẹ kejì, ó ń kí òòlù náà. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan.

Àbámẹ́ta, 22/11

Aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn. (Ó dáa, igba.) Alága dé fìlà tuntun, ó jókòó níwájú, ọwọ́ òsì lẹ́yìn etí. Ìdajì èrò gbé fóònù sókè, wọn ò wo olórin rárá, fóònù ni wọ́n ń wò.

Orin méjì àkọ́kọ́, mo gbé ìborùn, wọ́n ké. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ó wá kan orin òòlù. Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó rántí.

Ariwo náà lọ lu táìlì, ó padà, ó lọ lu páànù, ó tún padà. Ètè Sọ́bù ń mì bí ẹja inú garawa. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ ẹsẹ kìíní, ó lọ báyẹn. Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá Ràímì á gbé ohùn sókè. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, kí èrò lè fúnra wọn máa tẹ́tí wá a. Àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn tèmi ńkọ́? Mo sọ ìborùn kalẹ̀, wọ́n ń ké. Mo ju ọwọ́, wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n fi kún un. A ò dá àmì ìdákẹ́.

Alága ti ń dìde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń pa ọmọ ilé-kéwú lẹ́nu mọ́. Mo fi gbogbo ọ̀fun mi pè é: ẹ ṣe àsàlátù f'Ánọ́bì. Wọ́n dáhùn wọ́ọ́rọ́, bó ṣe yẹ, wọ́n sì panu dé bí ẹni pé Àáfà dúró lẹ́yìn wọn. Kódà Simeon, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí Àdíját fi ṣe ẹ̀ènì, dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn. Họ́ọ̀lù gbé ohùn Sọ́bù bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ti dé ẹsẹ kejì: *Òòlù bàbá mi ló ń jí mi, òòlù bàbá mi ló bọ́ mi.* Alága jókòó padà. Ó ṣí fìlà. Ó fi nu ojú.

Àìkú, 23/11

Àtàárọ̀ ni Alága ti ń kọrin kiri ilé. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọ mi ò kórìíra òòlù. Ó ń yìn ín. Mo gbọ́ ọ ketekete." Ó fọwọ́ gbá Sọ́bù lẹ́yìn. "Ọ̀la, ká jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Inú Alága dùn débi pé Sọ́bù ò lè sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Ó dáa, sà."

Kò bú mi. Ì bá bú mi.

Ajé, 24/11

Mo kọjá sí Dopemu láti ilé-ìwé. Mo dúró títí òòlù fi dákẹ́ fún ìrun Àsárì. Nígbà tí Alága kírun tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí òsì ẹ̀, èyí tó sàn díẹ̀, mo ka ẹsẹ kìíní fún un. Mi ò kọ ọ́ lórin. Ohùn ewúrẹ́ ni mo ní.

*Bí mo bá sọ òòlù kalẹ̀, Bàbá, ìwọ kọ́ ni mo sọ nù.*

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá bi mí:

"Ta ló ń ké lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní èmi ni mo kó wọn wá, sà.

Ó pe Sọ́bù: "Bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn." Ó wá kọjú sí mi. "Zulaihat, ìwọ tó o fẹ́ràn ariwo, ibí nilé ẹ̀. Sátidé, kó o wá."

Àbámẹ́ta, 29/11

Wákàtí mẹ́rin. Mo ń di páànù mọ́tò mú, òòlù Alága ń bọ̀. Ó fún mi ní òwú kí n fi dí etí, mo ní mi ò fẹ́, ọmọ ìgboro ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, kò jà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo jókòó sórí táyà. Ayé dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi nǹkan kan tó ń hó nínú orí mi bí omi tíì. Mo gbójú sókè, Sọ́bù dúró níwájú mi pẹ̀lú oúnjẹ. Mo sáà ń wo ẹnu ẹ̀ tó ń mì.

Alága ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, tó sọ ọ́ sí mi létí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sọ́bù ti pè mí.