Iwe Ni, Kì í Ṣe Ìwé

Ìyá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí bàbá kékeré tó ń tọ́jú yín. Ikọ́ màmá mi ti lọ, àmọ́ òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Nígbà tí mo kọ̀wé pé "ìwé ajá ti bàjẹ́," ẹ ní ká ra òmíràn, pé ajá náà ti kàwé ju bàbá mi lọ. Ẹ má bínú, àmì tí mo fi sí i ló pọ̀ jù. Iwe ni, kíndìnrín rẹ̀.

Dókítà ẹranko ní oúnjẹ gbígbẹ inú àpò, tí purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀, kọ́ ló bà á jẹ́, ogbó ni. Àmọ́ iwe tó ti rẹ̀ ò lè gbé ẹrù yẹn mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń rẹ oúnjẹ tuntun tí dókítà yàn sómi fún un, bàbá mi á sì bu ti àtijọ́ lé e.

"Ajá tí ò jẹun gidi, ewúrẹ́ ni," ló máa ń wí.

Mo sọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi. Ó ní Yorùbá mi ò tíì tó èyí tí wọ́n fi ń bá àgbà jiyàn.

Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin náà lẹ fi ajá yìí sílẹ̀ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe bàbá mi. Lánàá, ajá ò dìde kí mi.

Ọlọ́run á dá iwe yín sí. Èmi á máa tọ́jú ìwé tèmi.

Ọmọ ọmọ yín