Ogójì Ìṣísẹ̀ Láti Ẹnu Kànga

                                        Ṣọ́ọ̀bù Atúnrédíòṣe,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń hu eyín? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Àlàáfíà ni èmi àti ìyàwó mi wà. Bàbá náà wà, àlàáfíà tiwọn tilẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ, àwọn gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó kà á.

Ẹ rántí pé ẹ ní orí Bàbá ti ń dàrú, pé ẹ máa rán mọ́tò wá kó wọn lọ sọ́dọ̀ yín ní ìparí oṣù yìí. Mi ò jiyàn nígbà náà. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ni èèyàn fẹ́ rò? "Ọta ìbọn wà lábẹ́ ilẹ̀ iléèwé yẹn o!" Wọ́n ní nígbà ogun, tí àwọn jẹ́ sójà ọmọ ogún ọdún, tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n ri àpótí ọta mọ́lẹ̀, ogójì ìṣísẹ̀ láti ẹnu kànga ibẹ̀, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. A kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí katapílà dé láti gbẹ́ ìpìlẹ̀ kíláàsì tuntun, Bàbá kọ oúnjẹ.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tí àwọn èèyàn bá gbé wá tí wọn ò padà wá gbé, ibẹ̀ ló ń gbé. Ẹ̀rọ kan wà lára wọn, ọ̀pá gígùn kan tó máa ń ké bí irin bá wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo tún wáyà rẹ̀ so, mo ki bátìrì sí i, èmi àti Bàbá sì lọ bá obìnrin tó jẹ́ olórí iléèwé. Ó ní òun á fún wa ní wákàtí kan péré, torí awakọ̀ katapílà ti ń wo aago.

Bàbá ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá àwọn ka ìṣísẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn tilẹ̀, wọ́n kà á títí dé ogójì. Mo gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo yí ibẹ̀ ká, kò ké. Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi jàre, àlá lẹ lá." Bí ojú Bàbá ṣe wálẹ̀, ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ibẹ̀ ni làákàyè mi ti ṣí. Ọmọ ogún ọdún ló ka ogójì nígbà yẹn, arúgbó tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ló kà á lónìí! Mo padà sẹ́nu kànga, mo ń gbé ẹsẹ̀ gàgàrà gàgàrà. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì kí n dé ogójì ni ẹ̀rọ figbe ta bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo na ọwọ́ sí ṣọ́bìrì, Bàbá jágbe mọ́ mi: "Dúró ńbẹ̀! O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan!" Ohùn yẹn kì í ṣe ti arúgbó. Gbogbo wa la sá kúrò níbẹ̀, awakọ̀ ẹlẹ́rìn-ín ló sì ṣáájú.

Àwọn sójà tó ń tú bọ́ǹbù dé lọ́jọ́ kejì. Àpótí ọta mẹ́rin àti bọ́ǹbù àfọwọ́jù mọ́kàndínlógún tó ti dípẹtà ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n ní ká ní katapílà ti gbá a ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Ìyá olórí iléèwé dì mọ́ Bàbá lójú gbogbo ọmọ iléèwé. Inú mi dùn, ẹ̀gbọ́n mi, orí mi wú!

Ọ̀gá sójà mú ìwé wá pé kí ẹni tó mọ ibi tí ẹrù náà wà kọ orúkọ. Bàbá gba bírò. Wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn lẹ́nu iṣẹ́ ológun, gbogbo rẹ̀ pátá, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀gá sójà wò ó, ó to ẹsẹ̀ pọ̀, ó sì kí wọn bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ, kí ẹ sì kí ìyá aránṣọ tó ń gbé lókè yín. Bàbá jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń bu oúnjẹ kún oúnjẹ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé àwọn ò lọ síbì kankan.

                                        Àbúrò yín tí orí rẹ̀ ṣì ń wú,
                                        Oní-rédíò.