Ẹsẹ Kejì Tí Tẹlifíṣọ̀n Gé Kúrò

Nishiogi, Tokyo.
Ọjọ́ Túsìdé, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ẹ̀gbọ́n Towako,

Ẹ kú òjò yìí o. Ẹ kú iṣẹ́ ẹja, ẹ kú ìtọ́jú ilé Màmá. Mo ní ìrètí pé orúnkún tó máa ń ro yín lásìkò òjò ti fúyẹ́, pé Hinano ọmọ yín ń jẹun dáadáa, àti pé àwọn ẹja abìyẹ́ wa ti ń fò wọ inú àwọ̀n bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lóṣù yìí. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ara mi yá, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ìgbà karùn-ún nìyí tí mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo kọ ìlà méjì, mo dìde, mo lọ wo bóyá òjò ti dá, mo gbé omi tíì kaná, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ìjókòó ò gbà mí, ìdúró ò gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya á.

Àǹtí Kinue pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní èbúté. Ẹ mọ ohùn wọn, ẹni tó wà ní Tokyo lè gbọ́ ọ láìgbé fóònù. Wọ́n ní, "Misuzu, ṣé orí ẹ pé? Gbogbo èbúté yìí ló ń kọ orin tó o kọ sínú eré àwòrán ọmọdé yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ sì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́! Bó bá ń kọjá, wọ́n á máa kọ ọ́ lábẹ́ imú. Ọmọ Kuwata kọ ọ́ sí Hinano létí níléèwé, Hinano sì fún un ní ìkúùkù lẹ́nu. Ní báyìí, bó bá ti di aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Towako á pa tẹlifíṣọ̀n, á lọ máa fọ ilẹ̀ tó mọ́ tẹ́lẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jíṣẹ́ tí ẹ rán wọn. Wọ́n ní ẹ ní kí n má wulẹ̀ wọ ọkọ̀ wá síbi ìrántí ọdún keje Màmá, èyí tí a máa ń ṣe bí ọdún mẹ́fà bá ti pé. Ẹ ní ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú Màmá títí wọ́n fi kú, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe ìrántí wọn.

Mi ò bá yín jiyàn. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn pátápátá, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi, kí n má sì yọ ohun tó burú níbẹ̀ kúrò.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo kúrò nílé lóṣù Kẹta, ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Màmá ò lè dìde lórí ibùsùn. Ẹ̀yin lẹ gbé jìtá mi dé èbúté, ẹ̀yin náà lẹ ra téèpù pépà pupa tí a fi ń dágbére ní Tobiura ìlú wa. Mo di etí kan mú lórí ọkọ̀, ẹ di etí kejì mú nísàlẹ̀. Ẹ mọ òfin rẹ̀ jù mí lọ. Ẹnikẹ́ni kì í jù ú sílẹ̀. Ọkọ̀ ló ń fà á títí tí yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹni tó ń lọ á mú tirẹ̀ lọ, ẹni tó kù á mú tirẹ̀ relé. Ọkọ̀ wa ò tíì jìnnà rárá tí tèmi fi rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tàwọn yòókù ṣì le gbọnrangandan, pupa àti funfun àti yẹ́lò, tèmi nìkan ló bọ́ sínú omi. Mo wo ilẹ̀, mo rí ẹ̀yìn yín. Ẹ ń lọ sílé.

Ọdún mẹ́jọ ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ ń bínú pé mo fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn àti ẹja, tàbí pé inú yín dùn pé ẹnu kan ti dín nínú ilé. Mo ń kọrin nínú àwọn gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ tí èrò mẹ́tàdínlógún máa ń wà, tí mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bí mo bá ti mu bíà díẹ̀, ìtàn tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ, pé ẹ̀gbọ́n mi ju téèpù mi sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á bá mi bú yín, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ dárí ìyẹn jì mí lọ́tọ̀.

Ọjọ́ tí a sin Màmá ni Àǹtí Kinue fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, tí wọ́n fi ìgbákọ ìrẹsì lù mí léjìká. Wọ́n ní, "Ọ̀dẹ̀, o ò rántí ibi tí ẹsẹ̀ ẹ wà lọ́jọ́ náà ni? Èmi wà lójú fèrèsé mi, mo rí ẹ kedere. O ti gbé ẹsẹ̀ kan gun irin ọkọ̀, ò ń ké pé o ò lọ mọ́. Bí Towako bá di téèpù yẹn mú sí i, inú omi là bá ti wá ẹ. Ó jù ú sílẹ̀ kó o lè lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ kó o má bàa rí ojú ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé yìnyín ló jókòó sí, ó sì sunkún débi pé èmi ni mo fọwọ́ mú un relé."

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ara mi ló rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Irin yẹn tutù. Bàtà tí Màmá fi sùúrù lẹ̀ fún mi ni mo wọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Òótọ́ ni, mo fẹ́ fò. Báwo ni ènìyàn ṣe ń gbàgbé irú èyí fún ọdún mẹ́jọ, tó sì wá rántí téèpù? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n kúnlẹ̀ níwájú yín. Ẹ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ míso kalẹ̀, ẹ ní, "Ṣé kí n bù sí i?" Mo ní, "Ó ti tó." Fún ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò, bóyá la fi sọ ju ìyẹn lọ. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Ẹja nìkan là ń sá sóòrùn, a kì í sá ọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ní kí n kọ orin tí wọ́n máa fi ṣí eré àwòrán tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n, tí mo gbọ́ pé ìtàn ọmọbìnrin erékùṣù kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, mo ní ọjọ́ mi ti pé. Ohun tí ẹnu mi ò lè sọ, orin á bá mi sọ ọ́. Ẹsẹ kìíní, mo kọ ohun tí mo rò síbẹ̀. Ẹsẹ kejì, mo kọ ohun tó jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ẹsẹ kìíní, oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ èkejì.

Ibi tí mo ti ṣe yín nìyí. Obìnrin tó ń bójú tó mi nílé iṣẹ́ àwo orin, Asakura lorúkọ rẹ̀, gbé aago síwájú mi. Ó ní, "Misuzu, ìwọ náà mọ iṣẹ́ yìí. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fún wa. Tó bá fi ẹyọ kan lé, wọ́n á rẹ́ ẹ. Èwo la máa gbé fún wọn?" Olùdarí eré náà wà níbẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ìlà ẹsẹ kìíní, "ìwọ lo kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn," ó fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Eléyìí! Eléyìí ló máa mú wọn lọ́kàn!" Ṣùgbọ́n Asakura kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí a jáde síbi ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu, ó rọra bi mí pé, "Ṣé ẹnì kankan wà tí orin yìí máa ba ọkàn rẹ̀ jẹ́? Sọ fún mi báyìí, ká lè fi ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀." Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan."

Mo lè sọ fún yín pé tẹlifíṣọ̀n ló gé e. Bí mo ṣe ń tan ara mi láti oṣù Kẹrin tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo di ọ̀bẹ mú. Mo fẹ́ kí orúkọ mi jáde, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ní ẹ ò sí. Mo tún ń rò ó pé bí àwo bá jáde lóṣù Kẹfà, ẹ ó gbọ́ ìyókù, ọ̀rọ̀ á tán. Mi ò ka iye Sátidé tó wà láàárín, mi ò sì rántí pé ilé kan ṣoṣo ló wà ní Tobiura tí àbúrò rẹ̀ ń kọrin ní Tokyo. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì ti jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sára àwo náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n máa ń kó o sórí àtẹ. Mo bo imú, mo dé fìlà, mo lọ sí ìsọ̀ àwo tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti lọ wò ó. Ọmọbìnrin tó ń tajà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì yẹ́lò kan síwájú rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n ìkà tó ju àbúrò sílẹ̀! Ẹ mú aṣọ ìnujú dání!" Ó ya ojú tó ń sunkún sí i lábẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ rà á, ẹ ò ní kábàámọ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n inú orin yẹn ò dáa rárá o. Bó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní dá a lóhùn láéláé." Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ ẹsẹ kejì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ó tún ní ẹsẹ kejì ni?"

Mo sọ fún ara mi pé, bí ẹni tó ń tà á ò bá mọ̀, báwo ni ẹni tó ń pa tẹlifíṣọ̀n ṣe máa mọ̀? Ẹ lè rí àwo yìí kí ẹ sọ ọ́ sínú omi láìgbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí mo jẹ yín ní gbèsè á sì rì pẹ̀lú rẹ̀. Mo ra méjì, ọ̀kan ni mo fi sínú àpò ìwé yìí fún yín, mi ò dúró kó dì í, mo gbàgbé agbòjò mi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo sáré wálé nínú òjò. Omi orí mi ló kán sí ojú ìwé kejì lẹ́tà yìí, kì í ṣe ẹkún. Ó dáa, ẹkún wà níbẹ̀ díẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá, ilé ìfìwéránṣẹ́ máa tì ní márùn-ún. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ lọ, á fi ọjọ́ méjì ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Torí mò ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má wá. Sátidé ni màá dé. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, mi ò ní kàn án. Màá sùn lọ́dọ̀ Àǹtí Kinue, màá lọ bu omi sí ibojì Màmá, màá sì bá Hinano sọ̀rọ̀ bí ẹ bá gbà, torí ìkúùkù tó fún ọmọ Kuwata yẹn, èmi ló tọ́ sí. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni màá bá padà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo ti ra téèpù pépà pupa kan, ó wà nínú àpò mi. Nígbà tí mo bá ti wọ ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi di etí kan mú. Ẹ jù ú sílẹ̀ nígbà tó bá wù yín.

Kí oòrùn ràn sórí àtẹ ẹja yín kí òjò tó tún dé. Kí orúnkún yín gbé yín gun òkè ilé wa láìsí ìrora. Kí Hinano dàgbà di ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó má jọ èmi, kó má sì jọ ẹ̀yin náà níbẹ̀ yẹn. Kí Màmá máa ṣọ́ wa.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ jẹ́ kó lọ,
Misuzu.

Mo tún rántí: ẹ̀rọ àwo orin tó wà níbi tí ẹ ti ń la ẹja ṣì máa ń fo orin, ẹ fi igi ìjẹun há ìdérí rẹ̀ bí Màmá ṣe máa ń ṣe. Orin kẹta ni èyí tí tẹlifíṣọ̀n ń lò, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́, tó ní ẹsẹ méjèèjì, ni kí ẹ fi sí i. Bó bá dé ibi tó ti máa ń parí ní Sátidé, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ díẹ̀, ẹ óò máa gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Kò tíì tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á.