Ọwọ́ Òsì Fàúsát

Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Rélùwéè,
Agége.
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, 1957.

Ẹ̀gbọ́n mi Làsísì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà á ládùúà pé ara yín le ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ara tèmi náà le. Inú mi ni kò dára, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kí Fàúsát ọmọ mi wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n kí n kìlọ̀ fún un kó má na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ló gbé wá fún mi ní ilé búrẹ́dì tí mo ti ń wọn ìyẹ̀fun, tí ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò fi gbá ọwọ́ náà mú. Dókítà fẹ́ gé e. Sùlíyá ìyàwó mi kúnlẹ̀ ní ọsibítù, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó sì ń bẹ dókítà, títí wọ́n fi gbà láti rán an.

Nọ́ọ̀sì Adébísọ́lá ló kọ́ wa bí ọwọ́ náà yóò ṣe padà ní agbára. Ó ní kó máa tẹ ohun rírọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má gbé ohun tó wúwo. Ìyẹ̀fun pípò tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ọpọ́n ni mo ń mú bọ̀ nílé, torí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, ìyá rẹ̀ á gbé e síwájú rẹ̀, á ní, "Bísímílááì, tẹ̀ ẹ́." Ọmọ á tẹ̀ ẹ́, á sunkún, á tún tẹ̀ ẹ́. Àdúà wa nìyẹn. Àwọn ìka náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Gbogbo nǹkan yòókù, òsì ló fi ń ṣe é.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìtúnu ààwẹ̀ ni Bàbá Dàwódù, àbúrò bàbá wa, kó àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Agége wá ṣàdúà fún un. Mo ra ẹran, mo ra ìrẹsì. Owó ọkọ̀ ọsibítù oṣù kan ló wọ inú ìkòkò. N ò ráhùn, torí mo gbà pé àdúà ni. Fàúsát fi òsì gbé abọ́ ẹran fún Bàbá Dàwódù. Wọ́n ká ọwọ́ kò. "Èmi ni wọ́n ń na òsì sí? Ẹnu tó fẹ́ ṣàdúà fún un náà ló fẹ́ fi òsì bọ́?" Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ ó lọ mú ọ̀tún wá nínú yàrá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ. Ó fi ọwọ́ tí wọ́n rán gbé abọ́ náà, ojú ọgbẹ́ là, ẹ̀jẹ̀ kán sínú ẹran.

Èyí tó rí mi lára jù ni pé wọ́n ṣa ibi tí ẹ̀jẹ̀ kán sí kúrò, wọ́n jẹ ìyókù, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì ṣe àmín. Ọwọ́ ọmọ ni wọ́n kà sí èérí, wọn ò ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí. Títí di òní, mi ò lè jẹ ẹran.

Nígbà tí mò ń di ọgbẹ́ náà, Fàúsát ní, "Bàbá, bí Bàbá Dàwódù bá ń ṣe àlùwàlá, kí ni wọ́n fi ń wẹ ọwọ́ ọ̀tún wọn?" Láti ọjọ́ náà ló ti kọ̀, kò tẹ ìyẹ̀fun mọ́. Nọ́ọ̀sì ní bó bá wà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á gan pátápátá.

Àná ni Sùlíyá gbé ìyẹ̀fun ka iwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ, wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní, "Bísímílááì."

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní kìlọ̀ kankan fún un. Bí ẹ bá lè gba omi mímu lọ́wọ́ òsì rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé, ẹ kọ̀wé sí mi, mà á mú un wá fúnra mi. Bí ẹ kò bá lè gbà á, a ó ṣe Iléyá wa níbí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́jú ẹbí rọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Suara.

Mo gbàgbé: mo fi búrẹ́dì kékeré kan rán Wahab awakọ̀ sí yín. Ó wọ́ díẹ̀. Fàúsát ló fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Òsì ló fi dì í.