Ìwọ̀ Ẹlẹ́nu Mẹ́ta Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní èbúté — Onísùúrù ni mò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ sọ tí kì í fi "ẹ ṣe sùúrù" ṣáájú — wọnú ọkọ̀ wa láàárọ̀. Ó ṣí àpótí ìwọ̀ Bàbá, ó mú ọ̀kan jáde bí ẹni mú aáyán. Ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ìdẹ ṣì wà lára rẹ̀.

Òfin náà ò ta kókó. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè mọ̀ pé èmi kọ́ ni orí mi dàrú. Tó bá jẹ́ ẹja tí wọ́n fi ike ṣe lo fi ń tan ẹja, lo ẹlẹ́nu mẹ́ta bó ṣe wù ọ́, torí ẹja kì í gbé oníke mì. Ìdẹ gidi ni ẹja máa ń gbé mì dé ikùn, tí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì fa ọ̀fun rẹ̀ ya. Èyí tó kéré, tó yẹ ká dá padà sómi, á ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Nítorí náà: ìdẹ gidi, ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan, èyí tó tẹ̀ roboto. Kí ló wá le níbẹ̀?

Bàbá ní kí wọ́n tó bí Onísùúrù làwọn ti ń fi ẹlẹ́nu mẹ́ta pẹja. Onísùúrù ní ẹ ṣe sùúrù, Bàbá, tí òun bá tún bá ìdẹ gidi lára rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, òun á gba ìwé àṣẹ ìpẹja yín. Láìsí ìwé àṣẹ, kò sí òkun. Láìsí òkun, mi ò mọ ẹni tí Bàbá máa jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ra ìwọ̀ roboto. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní ta ló fẹ́ fi yẹtí pẹja.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo kó àwọn ẹlẹ́nu mẹ́ta pa mọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bàbá rí wọn. Àwọn ìwọ̀ náà ti padà sínú àpótí. Mo ní Bàbá, ẹ máa pàdánù ọkọ̀ yìí o. Wọ́n ní ọkọ̀ ta ni? Mo ní ọkọ̀ yín ni, sà. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé mo mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọgbọ́n dé. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo fi ẹ̀mú gé ẹnu méjì méjì kúrò lára gbogbo ìwọ̀ Bàbá. Ó ku ẹnu kọ̀ọ̀kan. Kí Onísùúrù wá kà á. Màmá ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní ṣé mo ti sọ fún bàbá mi. Mo ní rárá. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ò rí mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọgbọ́n lọ. Ìdẹ kan ò dúró lára ìwọ̀ yẹn. A jù ú, ó bọ́. A tún jù ú, ó tún bọ́. Ẹja inú òkun jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá ò pariwo. Wọ́n mú ìwọ̀ kan sókè, wọ́n ní ta ló sọ eléyìí di arọ. Èyí tí a gbé wálé ò lè yó ológbò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa fi iṣẹ́ kan hàn mí. O máa fi abẹ́rẹ́ fa òwú gba ojú ẹja ìdẹ, ojú kan sí ìkejì, o wá so ìwọ̀ roboto mọ́ òwú náà níwájú orí rẹ̀. Ìwọ̀ ò wọnú ẹran rárá. Ìdẹ ò lè bọ́. Ó ní ṣé èmi ni wọ́n ń sọ pé ó gé ìwọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe kí n rí i.

Mo fi han Bàbá. Ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn wọn ní gbogbo ìgbà tí mò ń rán an. Wọ́n ní àwọn ò kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí, ó ti pẹ́ jù báyìí. Mo ní kò burú, èmi á máa rán gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní rárá. Nínú ọkọ̀ yìí, kálukú ló ń fi ìdẹ sí ìwọ̀ ara rẹ̀. Òfin bàbá tiwọn nìyẹn: ẹni tí kò bá lè fi ìdẹ sí ìwọ̀ ara rẹ̀, kó jókòó sílé.

Òfin ti ìjọba ò wọ̀ wọ́n létí. Ti baba ńlá mi nìkan ló wọ̀ wọ́n létí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Bàbá ra ẹlẹ́nu mẹ́ta tuntun. Ó sú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ fún Bàbá pé mi ò lọ mọ́. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n tú okùn ọkọ̀. Mo dúró gbọnin lórí èbúté — ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ — mo fò wọnú rẹ̀. A padà délé. Màmá ní orí kunkun àwa méjèèjì, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ran àwọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Onísùúrù ti wà ní èbúté ká tó dé. A ò tíì fi ìdẹ kankan sí ìwọ̀. Mo fò jókòó lé àpótí. Ó ní kí n dìde. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní kí n ṣe sùúrù, òun ò wá ìjà. Kí Bàbá ṣáà rán ìdẹ kan mọ́ ìwọ̀ roboto níṣojú òun, òun á kọ ọ́ pé ọkọ̀ yìí ti yí padà, ọ̀rọ̀ á tán. Ara tù mí. Mo na òwú àti abẹ́rẹ́ sí Bàbá.

Wọ́n gbà á. Abẹ́rẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹja. Ó tún kọjá. Ìka wọn ń gbọ̀n, kì í ṣe ti ìbínú. Wọ́n fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ ọ̀ún mú, ìkejì náà ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹlẹ́nu mẹ́ta, o kàn máa tẹ ẹja mọ́ ọn ni. Bí ọwọ́ ṣe wù kó máa gbọ̀n, ọ̀kan á ṣáà wọlé. Kò gba òwú, kò gba kókó. Èmi wá ń gé e dànù.

Onísùúrù yíjú sí òkun. Bàbá ní ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe àwọn bẹ́ẹ̀, ìyá mi mọ̀. Wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ lọ jókòó sílé, kí wọ́n lè pa òfin bàbá wọn mọ́.

Mo ní Bàbá, ẹ padà jókòó. Wọ́n ní kálukú ló ń — mo ní mo ti gbọ́, sà. Òfin méjì ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ kan, ti ìjọba nìkan la máa tẹ̀ lé. Èmi á máa rán, ẹ̀yin ẹ máa wa ọkọ̀, torí èmi ò mọ ibi tí ẹja wà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà níta. Onísùúrù ní ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Òní nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn wúlò rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

A lọ. Mo ń rán, wọ́n ń bú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹja àkọ́kọ́ kéré. Ìwọ̀ roboto ti kọ́ ọ ní igun ẹnu. Nígbà ẹlẹ́nu mẹ́ta, èmi ni mo máa ń fi ẹ̀mú wá ìwọ̀ nínú ọ̀fun ẹja. Mo yíjú láti mú ẹ̀mú; kí n tó padà, Bàbá ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹja náà mú, wọ́n fi àtàǹpàkò ti ìwọ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e sómi, wọn ò fi í sílẹ̀ títí tó fi ju ìrù.

Wọ́n ju okùn ìwọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n rán òmíràn, kí n má jẹ́ kó wọ́ bíi tàárọ̀.