Ìjọba Tí Ò Mọ Sípẹ́lì

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Òkúdù 2025

Lónìí mo fóònù ọ̀gá pátápátá àwọn tó ń fún èèyàn láṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, láti Ajah níbí. "Yẹ́s sà, yẹ́s sà" ló fi ń dá mi lóhùn. Mi ò tíì gé fóònù tán táwọn èèyàn ẹ̀ fi fi ọ̀dà pupa kọ STOP WOK gàdàgbà sára ilé Gíláàsì.

Gíláàsì — ọkùnrin tó ń kọ́lé lẹ́yìn ilé wa. Òjò ń rọ̀, gíláàsì dúdú lójú. Bọ́ọ̀dù iwájú sáìtì ẹ̀ sọ pé àjà méjì nìjọba fọwọ́ sí. Mo kà á: mẹ́rin. Orí gọ́tà ló tún fi ìpìlẹ̀ lé. Tójò bá ti rọ̀, yàrá Ìyá Àgbà lomi ń wá sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀dì wọn fẹ́ẹ̀ gbé wọn dé Ẹ̀pẹ́.

Mo sọ ti fóònù yẹn fún Ìyá Àgbà. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí.

Àbámẹ́ta, 14

Kò síṣẹ́ ní sáìtì. Ìyá Àgbà sùn di aago mẹ́jọ.

Ọjọ́ Ajé, 16

Gíláàsì dé. Ó fọwọ́ kan ọ̀dà, ó gbóòórùn ìka. Gàníyù, bíríkìlà ẹ̀ tó wá láti Ìsẹ́yìn, ní ẹ̀rín lọ̀gá òun ń rín, pé ìjọba wo ni ò mọ sípẹ́lì. Gíláàsì wá fóònù ẹnì kan. Ta ni? Ojú fèrèsé mi ló ń wò — àbí gíláàsì yẹn ló ń tàn mí?

Gàníyù tún ní agolo ọ̀dà òun kan sọnù. Sálúbàtà mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ayé ti bàjẹ́, olè ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Èèyàn ìjọba méjì dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n bi ara wọn ta ló kọ nǹkan yẹn. Kálukú ní òun kọ́. Gíláàsì mú wọn wọnú ilé tí ò tíì ní fèrèsé. Kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko? Bí wọ́n ṣe jáde, ó fa bọ́ọ̀dù tuntun yọ nínú bùùtù mọ́tò ẹ̀: àjà mẹ́rin. Ọ̀dà ẹ̀ ti gbẹ. Ìgbà wo ló ti kọ ọ́?

Ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn wa. Ìwé dà? Ìyá Àgbà fa rìsíìtì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí táwọn onílẹ̀ tẹ̀ka sí fún Bàbá Àgbà lọ́dún 1987. Obìnrin yẹn kà á, ó dá a padà jẹ́jẹ́.

"Ìyá, ilẹ̀ lẹ rà. Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́lé sórí ẹ̀?"

"Kí la fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, ọmọ mi? Ká gbé e kọ́rùn?"

Ọkùnrin yẹn ń kọ̀wé. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́rú, 18

X pupa lára ilé wa. Lẹ́tà kan ṣoṣo, wọn ò ṣì í kọ. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ká mú ìwé àṣẹ ìkọ́lé wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ katakata ń bọ̀ wá wó o. Lẹ́yìnkùlé, Gàníyù ti fi ọ̀dà funfun pa STOP WOK rẹ́. Wọ́n ti ń po kọnkéré.

Ìyá Àgbà ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún fóònù ọ̀gá mi yẹn.

Kò sí ọ̀gá kankan. Fóònù mi ò ní káàdì láti oṣù tó kọjá. Ìgbà táwọn òṣìṣẹ́ sáìtì lọ kírun Jímọ́ọ̀ ni mo gun pákó wọn, mo fi agolo ọ̀dà Gàníyù kọ STOP WOK yẹn. Fóònù yẹn nirọ́.

Pé èmi ni mo pe ìjọba wá — ìyẹn kì í ṣe irọ́.